Kẹ̀kẹ́ Tí Katikísítì Yá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ ká tún ríra.

Katikísítì kan ní Savè dojú kẹ̀kẹ́ dé sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ti Moufidatou aládùúgbò rẹ̀ ni, òun ni obìnrin náà fi ń lọ sóko ní Okpara. Katikísítì yá a lọ wàásù ní Adido, àárín rẹ̀ sì ń ké bó ṣe ń bọ̀. Irin róbótó tó ń jẹ́ kí pẹ́dàlì yí geere ti bàjẹ́, agbára ni wọ́n sì fi tẹ̀ ẹ́ wọnú ihò rẹ̀. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ní Plateau ní irinṣẹ́ tó máa fà á jáde pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ó mọ kẹ̀kẹ́ náà, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

Katikísítì mú òòlù àti ọ̀pá irin.

“Olúwa, ṣàánú mi.”

Ó gbá a, ó tún gbá a. Ara kẹ̀kẹ́ gan-an ló là, kò ṣeé tún ṣe mọ́.

“Katikísítì, ẹ kúuṣẹ́ o! Ṣé ẹ ti di atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni?”

Moufidatou ló wọlé. Katikísítì yára fi ara bo kẹ̀kẹ́.

“Mo kàn ń nù ún ni.”

Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ó ti ń ké kí n tó yá yín. Ojú ló tì mí tí n kò fi sọ.”

Katikísítì na ọwọ́ láti gbé e dìde, ṣùgbọ́n orúnkún tirẹ̀ náà ló kanlẹ̀, tòun ti òòlù lọ́wọ́.

Kí Olúwa fún ẹ̀yin tó kà á ní ọkàn tó fúyẹ́. Àmín.