Eyín Iwájú Màmá

Eyín iwájú Màmá kan ti ká tẹ́lẹ̀. Èkejì tẹ̀lé e lọ́jọ́ Jímọ̀, sínú búrẹ́dì. Nígbà tó fi máa dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ Sátidé, ó ti mọ̀ pé wàhálà ti dé.

Iṣẹ́ ibẹ̀ ò le láti ṣàlàyé. Àwọn ará Japan á ya eré àwòrán fún àwọn ọmọdé, wọ́n á fi èdè tiwọn sọ ọ́. Ilé iṣẹ́ yìí á yọ ohùn náà kúrò, wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀. Ohunkóhun tó bá lè já àwọn òbí láyà, wọ́n á tún un ṣe. Bàbá àgbà tó mutí yó nínú àwòrán, wọ́n ti sọ ọ́ di ẹni tí oorun ń kùn. Ìrẹsì tí wọ́n gún tí wọ́n ṣù, tó ń jẹ lójoojúmọ́, wọ́n pè é ní búrẹ́dì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rí roboto, ó sì ń fà bí gọ́ọ̀mù.

Màmá ló ń sọ̀rọ̀ fún ọmọkùnrin tó ń gun àbùùbùtán, ẹja ràgàjì inú òkun. Ọmọkùnrin náà ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, etí rẹ̀ sì di sí ìkìlọ̀. Ìwà méjèèjì bá Màmá mu.

Ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, tó ń pè é ní "Màmá mi", ló máa ń fi mọ́tò gbé e wá. Òun ló ń di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí àtẹ̀gùn, tó ń to tìmùtìmù sórí àga fún un, tó sì ń ti àpótí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́nu rẹ̀ ni gbogbo ilé iṣẹ́ ti kọ́ ọ: Màmá níhìn-ín, Màmá lọ́hùn-ún, kò sì sẹ́ni tó ń sọ "ìwọ" sí i. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ ò rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti kà, nítorí náà Ọ̀gá tó ń darí wọn ló máa ń ka ọ̀rọ̀ sí i létí, òun á sì tún un sọ. Bó bá jẹun ọ̀sán tán, ó gbọ́dọ̀ sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá jí i kó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sẹ́ni tó máa gbádùn ìyókù ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ yìí, ọmọkùnrin náà fẹ́ kígbe mọ́ ejò òkun. Igbe ọ̀hún kún fún "síì" àti "sáà" ní Gẹ̀ẹ́sì. Màmá la ẹnu. Ohun tó jáde dà bíi táyà tó ń jò.

"Ẹ tún un sọ, Màmá," ni Ọ̀gá wí.

Táyà náà tún jò.

Ọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Etí Ehoro, mi orí. "Ọ̀gá, igbe ogun kọ́ lèyí o. Ejò gan-an ló ń sọ̀rọ̀ yìí."

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ni eré ń retí iṣẹ́ wọn. Ó gbé fóònù, ó pe obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Olóhùn Wúrà. Nínú iṣẹ́ yìí, obìnrin ló sábà máa ń sọ̀rọ̀ fún ọmọkùnrin, Olóhùn Wúrà sì ti sọ̀rọ̀ fún ọmọkùnrin, ajá àti ọ̀bọ títí ó fi sú u.

Lọ́fínńdà rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tó rí Màmá, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Màmá tí mo ń gbọ́ ìròyìn wọn rèé! Ẹ má bínú sí mi o. Iṣẹ́ ni."

"Mo ń bínú," ni Màmá wí.

Ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi ahọ́n tọ àlàfo eyín rẹ̀ wò. Ó rò ó pé ẹlòmíràn ni yóò máa gun àbùùbùtán òun, omijé sì bọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé eyín lè lọ kó sì mú iṣẹ́ èèyàn dání.

"Màmá mi, ẹ dákun, ẹ jáde," ni ọkùnrin onírùngbọ̀n ń bẹ̀ ẹ́.

"Mi ò jáde."

"Màá ra súùtì fún yín."

Màmá fi etí lé ilẹ̀kùn. "Súùtì wo?"

"Ṣé súùtì kọ́ ló kó bá eyín ọ̀hún?" ni Etí Ehoro bèèrè láti ẹ̀yìn. Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tó fẹ́ gbá a létí.

Ní gbogbo ìgbà yìí, Olóhùn Wúrà ti kígbe tirẹ̀. Gbogbo "síì" pé, gbogbo "sáà" já gaara. Ọ̀gá gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́, ó fọwọ́ lérán.

"Kí ló ṣe é?" ni obìnrin náà bi í.

"Kò sóhun tó ṣe é. Àmọ́ obìnrin tó ń ṣe bí ọmọdé ni mò ń gbọ́ níbí. Bí Màmá bá la ẹnu, ọmọdé ni mò ń gbọ́."

Olóhùn Wúrà bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ṣé ìyẹn ni mo fẹ́ bá Màmá dù? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ ọtí di oorun, ṣé eyín ló wá fẹ́ ṣòro fún yín? Ẹ ní ejò ti fìrù gbá ọmọ náà lẹ́nu, eyín sì fò dànù."

"Eyín pé lẹ́nu ọmọ tí wọ́n yà."

"Ìrẹsì tí wọ́n yà, tẹ́ ẹ pè ní búrẹ́dì ńkọ́?"

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló lọ kan ilẹ̀kùn. "Màmá, ejò ti gbá ọmọ yẹn léyín o. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè bá wa sọ ọ́."

Ilẹ̀kùn ṣí. Màmá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó gun orí tìmùtìmù rẹ̀, ó sì kígbe. Táyà jò, itọ́ ta bo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Etí Ehoro rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí Màmá tún un sọ.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọkùnrin onírùngbọ̀n náà so okùn bàtà Màmá fún un, ó gbé báàgì ìwé kọ́ ọ léjìká, ó sì fà á lé tíṣà kíláàsì kìíní lọ́wọ́, ó ní: "Ẹ bá mi mójú tó ọmọ mi o, ìyá mi tó kú ló padà wá sọ́dọ̀ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Màmá, kó sì tó pé ọmọ ọdún méje, eyín tuntun á ti hù."