Ó-ti-yé-mi àti Adìẹ Tí Kì Í Wọ Ìkòkò

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó mọ àwòrán yà lórí kọ̀ǹpútà débi pé ẹranko tó bá yà fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bá èèyàn sọ̀rọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Bí èèyàn bá ṣe ń la ẹnu báyìí, á ti ní, "Ó ti yé mi." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ó-ti-yé-mi nílé ìwé nìyẹn. Orúkọ náà máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé yóò pa òun lẹ́kún.

Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, olùkọ́ àwọn ọmọdé. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, bàbá wọn gbé adìẹ kan tó ń tiro wálé, ó fẹ́ pa á. Ẹ̀gbọ́n yìí gbé adìẹ náà pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì sunkún títí bàbá wọn fi ní kí ó máa sìn ín. Láti ìgbà náà ló ti ń sọ ìtàn Atiro fún àbúrò rẹ̀, adìẹ tí gbogbo ayé fẹ́ sè, àmọ́ tí kì í wọ ìkòkò. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni àbúrò ń yà á. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe ìwé. Ilé ìtẹ̀wé kan tiẹ̀ ti ní kí wọ́n gbé e wá tí wọ́n bá parí rẹ̀.

Àsìkò yìí ni ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe ìpolówó ọjà gba Ó-ti-yé-mi síṣẹ́. Ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ akọ̀wé wọn gbé ìwé àdéhùn síwájú rẹ̀.

"Ọmọ mi, jókòó ká jọ kà á. Ohunkóhun tó o bá yà nígbà tó o bá ń bá wa ṣiṣẹ́, nílé o, níbí o, tiwa ni."

"Ó ti yé mi, mà."

"Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Wo àlàfo yìí. Ibẹ̀ lo máa kọ àwọn àwòrán tó o ti ní tẹ́lẹ̀ sí. Èyí tí o ò bá kọ síbẹ̀, tó o wá gbé e wá sẹ́nu iṣẹ́ wa, ó ti di tiwa nìyẹn. Mú un lọ sílé, kó o rò ó dáadáa."

Ojú Ó-ti-yé-mi ti wà lára kọ̀ǹpútà tuntun tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Ara rẹ̀ ń yá gágá láti jókòó sídìí rẹ̀. Ó kọ "Kò sí" sínú àlàfo náà, ó buwọ́ lù ú, ó sì dìde. Kí ló ń lé e? Ẹ má bi mí.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í pé, "Ṣé o sọ̀rọ̀ Atiro fún wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti yé mi. Ẹ jẹ́ kí n jẹun ná."

Oṣù díẹ̀ kọjá. Oníbàárà kan tó ń ta èròjà ọbẹ̀ wá wo àwòrán tí wọ́n yà fún un. Ó wo gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó wù ú. "Ṣé ohun tí gbogbo yín lè ṣe ò ju báyìí lọ?" Òógùn bo ọ̀gá wọn. Ẹnikẹ́ni kò lè gbójú sókè. Ó-ti-yé-mi kò fẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ àwọn tí kò mọ iṣẹ́, ló bá fi ẹ̀rọ tan àwòrán Atiro sójú ògiri. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ òun ni.

Oníbàárà fò dìde. "Èyí gan-an ni mò ń wá!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́, àmọ́ àyà Ó-ti-yé-mi já. Ó tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ wọ inú yàrá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la ni adìẹ yẹn."

Ọ̀gá ní kí wọ́n mú ìwé àdéhùn wá. "Ta ló kọ 'Kò sí' yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé ẹnì kan fipá mú ọ?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Lọ yà á kí ó máa bẹ́ sínú ìkòkò. Kí ó máa rẹ́rìn-ín o."

Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà tó ti wù ú tẹ́lẹ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ láti yà á. Ó bẹ̀bẹ̀ títí, ọ̀gá ní ó lè máa lọ, àmọ́ adìẹ náà ò ní bá a lọ. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹlòmíì jókòó sáyè rẹ̀, ó sì ti Atiro sínú ìkòkò. Agbẹjọ́rò sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ìtàn ṣì jẹ́ tirẹ̀, àmọ́ àwòrán adìẹ náà ti di ti ilé iṣẹ́ yẹn. Ilé ìtẹ̀wé náà ní àwọn ò ṣe mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n dé láti ilé ìwé, kò bọ́ bàtà, ó jókòó ti àbúrò rẹ̀.

"Àwọn ọmọ kíláàsì mi, tí mo máa ń fi àwòrán Atiro sọ ìtàn fún, rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní, 'Àǹtí, ẹ ní kì í wọ ìkòkò. Ó wọ̀ ọ́ o, ó tún ń rẹ́rìn-ín.' Wọ́n ní ta ló gbé e fún wọn. Kí ni kí n sọ?"

Ó-ti-yé-mi la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó ti mọ́ ọn lẹ́nu láti kékeré kò jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Kò sọ ìtàn kankan fún un mọ́ láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹranko tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà yà lẹ́yìn ìyẹn tó jọ ohun tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ọwọ́ yín dá àrà, ẹ gbọ́ o. Kí ẹ tó buwọ́ lùwé iṣẹ́, ẹ kà á dópin, kí ẹ sì bi wọ́n ta ni yóò ni ohun tí ẹ bá ṣe. Èyí tó bá ti jẹ́ tiyín tẹ́lẹ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kedere. Bí ẹ̀yin àti ẹlòmíì bá jọ ni ín, ẹ rántí pé ìbùwọ́lùwé yín lè kó onítọ̀hún lọ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń fi sùúrù ṣàlàyé fún yín, ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán.