Àwo Idẹ Tó Kọ̀ Tí Ò Gbó

Ọkọ ìyàwó tún da fínígà sórí àwo idẹ náà, ó bu iyọ̀ lé e, ó sì fi ọ̀rá wé e pinpin nínú balùwẹ̀. Nígbà tó tú u, àwo ń dán gbinrin bí ẹni tí kò jìyà rí.

Ó ti sọ àwo àtijọ́ tí bàbá ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ nù, ìyá ìyàwó rẹ̀ sì ń bọ̀ wá gbà á lónìí. Ló bá ra tuntun, ó fẹ́ sọ ọ́ di ògbólógbòó.

"Gbó, jọ̀ọ́," ó bẹ àwo náà. "Kí o gbó dáadáa!"

"Àmín o!" Ìyá ìyàwó rẹ̀ ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. "Ta lò ń ṣàdúrà fún?"

"Ara mi ni, Màmá!"

"Wàá gbó, ọkọ ọmọ mi. Wàá gbó, wàá tọ́!"

"Àmín," ló yára dáhùn.

Bó ṣe fẹ́ dìde, orúnkún rẹ̀ dún kọ́. Ó wojú àwo. Idẹ ṣì ń dán, ṣùgbọ́n bàbá arúgbó kan tí kò léyín lẹ́nu ló ń wò ó láti inú rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú.

Màmá ṣílẹ̀kùn, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ kú ilé o, bàbá." Ó rí àwo náà, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀. "Áà! Ọkọ ọmọ mi ti bá mi fọ àwo ọkọ mi, ó mọ́ bíi tuntun! Níbo ló wà, kí n tún ṣàdúrà fún un?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ni bàbá arúgbó náà ń bẹ̀bẹ̀, "èyí tẹ́ ẹ ṣe ti tó."