Fàtíhà Tí Wọ́n Kà Lé Owó Oṣù Bàshír

Bàshír Àbdùlláhì kì í ṣe olè láti ìbẹ̀rẹ̀. Àléébù kan ni ó ní: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í léèrè ọ̀rọ̀. Òun ni ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́ àánú kan ní Moshie Zongo, ní Kumasi ní orílẹ̀-èdè Gánà, tí àwọn Yorùbá Mùsùlùmí dá sílẹ̀ láti máa sanwó ìtọ́jú fún àwọn aláìní. Mẹ́sàn-án nínú àwọn aláìsàn wọn ni kíndìnrín wọn ti bàjẹ́, tí ẹ̀rọ ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní Bantama. Ẹgbẹ́ ni ó ń san án. Bí ẹgbẹ́ kò bá san án, kò sí ẹlòmíràn.

Òfin ẹgbẹ́ náà kò ṣòro. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ iye tí ọ̀gá àgbà yóò máa gbà, ọ̀gá àgbà yóò bọ́ síta. Ìgbìmọ̀ yóò wádìí ohun tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń san, wọn yóò fẹnu kò, wọn yóò sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún méjì ni wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sídì, owó Gánà, ni wọ́n ń fún Bàshír lóṣù.

Ní ọdún kẹta, ó kíyè sí nǹkan kan. Bí Alfa Sàlmàn, alága wọn, bá ti ka Fàtíhà sí ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà parí nìyẹn. Ojú á ti ẹni tó bá fẹ́ tún gbé e dìde. Nítorí náà, ní ìparí ìpàdé, nígbà tí àwọn àgbà ti ń wá bàtà kí ìrun Àsárì má baà kọjá wọn, Bàshír á dìde.

“Ti owó oṣù ló kù o. Ó wà nínú ìwé tó wà níwájú yín. Bàbá Alfa, ẹ bá wa ṣe Fàtíhà.”

Wọn á tẹ́wọ́, wọn á ṣe àmín. Kò sẹ́ni tó ń ṣí ìwé. Báyìí ni ẹgbẹ̀rún mẹ́ta di mẹ́fà, tí mẹ́fà di mọ́kànlá, tí mọ́kànlá sì di méjìdínlógún láàárín ọdún mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé láti Accra, láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń fún ẹgbẹ́ ní èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Wọ́n fẹ́ rí àkọsílẹ̀ ìpàdé tí wọ́n ti jíròrò owó oṣù ọ̀gá àgbà, àti orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wọn.

Bàshír lè jẹ́wọ́ nígbà náà, kò tíì pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ẹnikẹ́ni kò ṣe, ó sì gbé e lọ bá Khàlíl ní Suame Magazine, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì. Khàlíl ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ níbẹ̀, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀.

“Àbúrò mi, fọwọ́ sí i fún mi. Kò tó nǹkan.”

Khàlíl nu òróró ẹ́ńjìnnì kúrò lọ́wọ́, ó kà á. “Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ tí ẹ kọ síbí, Tamale ni mo wà.”

“Ṣé ìwọ náà ò ṣe àmín ni?”

“Mo ṣe àmín. N ò mọ̀ pé iye yìí ni mò ń ṣe àmín sí. Méjìdínlógún! Chale, ṣé ẹ̀yin náà ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni?” Ó dá ìwé padà. “Dààbí, rárá o. N ò fọwọ́ sí i.”

Khàlíl sọ ọ́ fún àwọn tó kù, ìgbìmọ̀ sì pé ní Sátidé. Hajia Wúlẹ̀mọ̀tù, oníṣòwò aṣọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Bàshír, mélòó lò ń gbà?”

“Hajia, a ti ka Fàtíhà sí i.”

“Mi ò bi ọ́ ní Fàtíhà. Iye ni mo bi ọ́.”

Bàshír yíjú sí Alfa Sàlmàn, ẹni tó kọ́ ọ ní Kùránì láti kékeré. Alfa yọ jígí ojú rẹ̀.

“Wallahi, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni mo rò pé mò ń kà á lé. O mọ̀ pé ojú mi ò ríwèé kà mọ́, Bàshír. O mọ̀.”

Wọ́n lé Bàshír lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì kọ òótọ́ ránṣẹ́ sí Accra. Àjọ náà ní àwọn kò ní yọ kọ́bọ̀ sílẹ̀ mọ́, àfi bí gbogbo owó tó gbà lé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta bá padà. Bàshír ta ọkọ̀ rẹ̀. Ó gbé ilẹ̀ tó ń kọ́lé sí sọ́jà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í tà lọ́jọ́ kan. Ìgbìmọ̀ dáwó títí agbára wọn fi pin. Nígbà tí owó fi máa pé, ìyàwó Tèslìmù aránṣọ, Jọláadé, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án náà, ti kú.

Bàshír lọ kí Tèslìmù. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú àgbàlá.

“Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ.”

“Àmín,” ni Tèslìmù wí. “Àtàláátà àti Jímọ̀ ni mo máa ń gbé e lọ. Àtàláátà mẹ́ta ni a jókòó sílé.”

Ó bu omi fún àlejò rẹ̀, ó sì wọlé lọ. Bàshír kò lè mu omi náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ka ìtàn yìí mú lọ kò pọ̀. Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ àánú, jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ iye tí o ó gbà, kí wọ́n sì sọ ọ́ sókè létí gbogbo ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀, ẹ ṣí ìwé kí ẹ tó ṣe àmín. Ẹ má tijú láti béèrè. Owó tí Bàshír gbà kì í ṣe ti àjọ Accra, kì í sì í ṣe ti ìgbìmọ̀. Ti aláìsàn ni.