Ọ́ìlì Ọ̀gá Ìjì

Ẹ wá wo Ọ̀gá Ìjì lónìí, ẹ̀yin èèyàn mi!

Ọ̀gá tó ń kọ́ gbogbo wa nípa mọ́tò asáré lórí fóònù ló dúró níwájú tábìlì iléeṣẹ́ tó ta mọ́tò fún un.

Ẹ́síì ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, síbẹ̀ ọ̀gá ń làágùn.

Ẹ́ńjìnì ti kú. Wáráńtì, àdéhùn àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá ń lo ọ́ìlì tí wọ́n kọ sínú ìwé mọ́tò, ṣì ku ọdún kan gbáko, ó ní kí wọ́n fún òun ní òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ọ́ìlì wo lẹ ń lò, sà?" Akọ̀wé obìnrin tó jókòó níbẹ̀ ló béèrè.

"Èyí tó wà nínú ìwé yín nìkan ni, àǹtí. Mi ò fọwọ́ kan òmíràn rí."

Mo rẹ́rìn-ín sínú lórí àga tí mo ti ń dúró de àyè tèmi.

Àǹtí ò bá a jiyàn. Ó kàn yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ síta.

Ọ̀gá Ìjì rèé nínú fídíò, ó ń da ọ́ìlì àwọn tó ń fi mọ́tò díje sínú ẹ́ńjìnì yẹn gan-an, ó ń pariwo: "Ọ́ìlì kọ́ńpìnnì, omi lásán ni! Ọ̀lẹ ló ń lò ó!"

Ẹnu òrofó ló pa òrofó.

"Ẹ máa lọ sílé, sà," àǹtí wí. "Ẹni tó kàn!"

Mo dìde. Wọ́n wọ́ mọ́tò tèmi náà wá ni.

"Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí. Ọ́ìlì tó wà nínú ìwé yín nìkan ni mò ń lò."

Kò tíì pa fídíò yẹn. Ó ń ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀.

Orúkọ mi ló wà lókè pátápátá: "Ọ̀gá mi, mo ti da tèmi náà sí mọ́tò o! Ẹ ṣeun!"