Àgbàdo Orí Àjà Taurino

Ogún ọdún gbáko ni Taurino fi ń ṣa irúgbìn. Bí wọ́n bá ti kórè tán ní oṣù kọkànlá, yóò da gbogbo àgbàdo sílẹ̀ ní àgbàlá, yóò máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì yọ àwọn tó gùn jù sọ́tọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni yóò so rọ̀ sí àjà orí ààrò, níbi tí èéfín kò ti ní jẹ́ kí kòkòrò sún mọ́ wọn. Èyí tó kù wọ inú àká.

Iṣẹ́ ọkùnrin parí síbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, bí òjò bá ti ń ṣú, obìnrin ló ń yọ hóró kúrò lára ṣùkù tó ń gbé igbá irúgbìn lé ọkọ lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní abúlé wọn lórí òkè nìyẹn. Taurino a gba igbá lọ́wọ́ Eufrosina ìyàwó rẹ̀, a sì ju hóró márùn-ún sí ihò kan, nítorí pé méjì péré ló sábà máa ń hù.

Lásìkò yẹn, kòkòrò á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ àgbàdo inú àká tán, tọ́tíyà, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́, á máa korò ní gbogbo ilé. Ti Eufrosina nìkan kì í korò. Inú rírun ló pa àkọ́bí wọn ní oṣù karùn-ún ọdún tí Taurino bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa irúgbìn; láti ìgbà náà, kò sí ọmọ tí inú tún run nílé wọn mọ́.

Lọ́dún yìí, ìpàdé abúlé fẹ́ pinnu bóyá irúgbìn Taurino ni wọn yóò máa gbìn, àbí wọn yóò jù ú nù kí wọ́n máa ra ti ìlú. Injiníà Maricela, onímọ̀ ọ̀gbìn tó ń ṣiṣẹ́ lórí irúgbìn, ti tọ́jú àgbàdo Taurino ti ogún ọdún sẹ́yìn sí yàrá tútù. Ó gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìsinsìnyí, lórí ilẹ̀ kan náà, ó sì wọn méjèèjì. Nígbà tó dé, ìdí ààrò ló ti bá tọkọtaya náà.

"Bàbá, ẹ má bínú," ló wí. "Bákan náà ni méjèèjì. Ti ìsinsìnyí ò fi ibì kankan ju ti àtijọ́ lọ."

"Ṣé ojú mi fọ́ ni? Àwọn tó tóbi jù ni mò ń mú, Injiníà! Ohun téèyàn bá gbìn ló ń ká."

"Títóbi yẹn ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, Bàbá. Ilẹ̀ àti òjò ló fún un, ọmọ ò lè jogún ẹ̀. Tó bá wà níbẹ̀ ni, ogún ọdún tó kó ti jáde."

"Ogún ọdún," ni Taurino wí.

"Mo mọ̀. Lọ́la ni mo máa sọ fún ìpàdé."

Taurino tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ìbànújẹ́ dorí rẹ̀ kodò, kò sì mọ ẹni tí ì bá bá jà.

"Ìyá Lucila, o gbọ́?" ló bi ìyàwó rẹ̀.

"Mo gbọ́, Bàbá Lucila. Ẹ jẹun. Injiníà, ẹ gba tọ́tíyà kan."

Maricela gé e jẹ. "Háà! Nínú oṣù karùn-ún yìí? Ó mà dùn o!"

Eufrosina kò wo ojú ẹnì kankan. Ó yí èyí tó kù padà lórí agbada, tọ́tíyà àgbàdo orí àjà, èyí tó ti ń sè fún àwọn ọmọ rẹ̀ láti ọdún tí àgbàdo oníkòkòrò ti pa àkọ́bí, tó sì ń bu ti inú àká sí igbá irúgbìn ọkọ rẹ̀ lọ́dọọdún.