Ìwé Mẹ́rin Tó Kúrò Lórúkọ Dókítà

Dókítà ti ti ilẹ̀kùn wọlé kí olùtọ́jú àkọsílẹ̀ tó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ kan wà nínú ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó gbá fáìlì kan mọ́ àyà, ó kí olùtọ́jú àkọsílẹ̀ náà jẹ́jẹ́, ó sì lọ jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Wọ́n ti jà mí lólè," ni dókítà wí.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Ọdún mọ́kànlélógún ni obìnrin yìí ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí àwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá náà. Ó ti mọ̀ pé ẹni tí inú ń bí kì í rántí kí èèyàn. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó sì jẹ́ kó ro tẹnu rẹ̀ tán.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni ìgbìmọ̀ máa jókòó láti pinnu bóyá dókítà á di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ máa ń wò ni iye ìgbà tí àwọn olùwádìí mìíràn ti tọ́ka sí iṣẹ́ ẹni nínú ìwé tiwọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá a padà. Ẹni tí wọ́n bá dá padà lẹ́ẹ̀kẹta, ó di kó gbàgbé ẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, iye tirẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rin ó lé méjìlá. Ní àárọ̀ yìí, mọ́kàndínlógójì péré ló bá níbẹ̀.

Obìnrin náà wo ojú kọ̀ǹpútà. Ìwé mẹ́rin ló ti kúrò, gbogbo wọn lórí ibà pọ́njú àwọn ìkókó àti bí wọ́n ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ wò ó, iṣẹ́ ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn. Ogójì ìwé yòókù wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ẹ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà ni wọ́n dá lé, èèyàn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yà sọ́dọ̀ wọn.

Ó ṣàlàyé fún un. Orúkọ ìdílé àti lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ẹni nìkan ni wọ́n máa ń kọ sórí ìwé ìwádìí, kọ̀ǹpútà ò sì mọ ojú èèyàn. Ẹni tí orúkọ àti lẹ́tà bá ti bára mu, ojú kan náà ló ń kó wọn sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí kálukú wá fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ẹnìkan ti forúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, ó sì ti gba mẹ́rin yẹn.

"Orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀, ẹ wò ó." Dókítà fi ìka gún ojú kọ̀ǹpútà. "Kí èèyàn jókòó sílé rẹ̀, kó máa jẹ òógùn ojú ẹlòmíràn."

Ìyàwó rẹ̀ ń to etí àwọn ìwé inú fáìlì kí wọ́n lè gún.

Obìnrin náà mú fọ́ọ̀mù jáde. Ó ní ìlànà òun ni kí òun béèrè ohun tí wọn ò tẹ̀ sínú ìwé, kí dókítà má bínú. Ìkókó mélòó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àkọ́kọ́?

Dókítà wo àjà. "Látọdún mẹ́rìndínlógún, màdámù? Ta ní ń rántí ìyẹn?"

"Mẹ́tàlélọ́gọ́ta," ni ìyàwó rẹ̀ wí lórí àga. "Ọgọ́ta ló wà nínú ìwé. Ìyá mẹ́ta ti gbé ọmọ wọn lọ sílé kó tó parí."

Dókítà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn. Ó ní ìyàwó òun ló bá òun tẹ àwọn ìwé náà nígbà tó wà nínú oyún, kó tó fi iṣẹ́ láàbù sílẹ̀ torí ọmọ. "Ìyá Ìbejì, máa bá mi dáhùn, jàre. Ọ̀dọ̀ rẹ lọpọlọ mi ń gbé."

Obìnrin náà béèrè ìdí tí wọ́n fi gbé iná tí wọ́n fi ń wo ibà náà sún mọ́ ọmọ tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ní wáyà ló kúrú, wọn ò sì rówó ra òmíràn. Ó ní gílóòbù yẹn máa ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ó tiẹ̀ jó èèyàn lọ́wọ́ rí. Bó ti ń sọ ọ́, ó fa ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ní àpá sábẹ́ fáìlì. Obìnrin náà wo ọwọ́ yẹn díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kọ ìdáhùn náà sílẹ̀.

"Ṣé ó ti parí?" Dókítà ti wo aago ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.

"Ó ku ẹyọ kan." Ó ní òun máa fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó gba àwọn ìwé náà. Tí onítọ̀hún bá kà á fún wọn, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa padà sọ́dọ̀ dókítà. Tí kò bá kà á, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa wà.

"Olè wo ló máa kà á fún wa?"

"A ò mọ̀, sà. Ó lè wù ú."

"Tó bá lójútì, á kà á. Ẹ fi ránṣẹ́."

Obìnrin náà tẹ bọ́tìnnì, àwọn méjèèjì sì ń wo kọ̀ǹpútà.

Nínú báàgì tó wà lẹ́sẹ̀ àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, fóònù kan dún lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó dókítà yọ ọ́, ó ka nọ́ńbà mẹ́fà náà sínú, ó dá fóònù padà sáyè ẹ̀, ó gbé fáìlì ọkọ rẹ̀ sórí àga, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì jáde.